Fótọ́ọ̀nù kò ní máàsì: ẹ jù fọ́múlà yẹn sílẹ̀
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè pé bí máàsì nǹkan bá ń pọ̀ sí i bó ṣe ń sáré sí i, kí ló dé tí máàsì fótọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan, tó ń sá eré ìmọ́lẹ̀ gan-an, kò fi di aláìlópin: fọ́múlà tí wọ́n fi kọ́ yín ni kò bá fótọ́ọ̀nù mu. Ojú mi rí màbo kí n tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ n là á yékéyéké. Wọ́n ní ẹ fi square root 1 − v²/c² pín máàsì tí nǹkan ní nígbà tó dúró; v ni eré nǹkan náà, c ni eré ìmọ́lẹ̀. Ẹ fi c dípò v. v²/c² di 1. Ẹ yọ 1 kúrò nínú 1, ó ku òdo. Square root òdo, òdo náà ni. Máàsì fótọ́ọ̀nù tó wà lókè, òdo lòun náà. Òdo lórí òdo! Ẹ mú 5 tàbí 5,000, bẹ́ ẹ bá fi òdo sọ ọ́ di púpọ̀, òdo náà lẹ máa bá, nítorí náà kò sí nọ́ńbà tí kò lè jẹ́ ìdáhùn. Ìyẹn kì í ṣe aláìlópin rárá. Ohun tí mo kọ sínú ìdánwò nìyẹn tí olùkọ́ kan fi yíńkì pupa fa igi lé gbogbo rẹ̀, tó ní kí n lọ há ohun tó wà nínú nóòtù sórí. Mo bá a dé ọ́fíìsì, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Inú ṣì ń bí mi, torí Einstein fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí òǹkọ̀wé kan, Lincoln Barnett, ní 1948 pé kò dáa kéèyàn máa sọ̀rọ̀ máàsì tó ń bá eré pọ̀ sí i.

Fọ́múlà tó bá gbogbo nǹkan mu, èyí tó ní máàsì àtèyí tí kò ní, ni E² = (pc)² + (mc²)². E ni agbára, m ni máàsì, p ni momentum, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe le tó láti dá ohun tó ń lọ dúró. Fi òdo sí m, ó di E = pc. Ó tán.

Àwọn tó ní máàsì ńkọ́? Ẹ wo prótọ́ọ̀nù, ọ̀kan lára àwọn ègé kéékèèké inú átọ́ọ̀mù, nínú LHC, ẹ̀rọ tó ń mú wọn sáré ní ibùdó ìwádìí CERN, lẹ́bàá Geneva. Bó ṣe ń wọlé, agbára rẹ̀ jẹ́ 450 GeV (òṣùwọ̀n agbára ni GeV; 1,000 rẹ̀ ni TeV kan), ìmọ́lẹ̀ sì fi nǹkan bíi mítà 650 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yá jù ú lọ. Wọ́n á ti agbára náà dé 6.8 TeV, ìlọ́po 15. Síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ṣì fi nǹkan bíi mítà 3 jù ú. Agbára àti momentum ń wọlé wìtìwìtì, eré ni kò ríbi lọ mọ́. Máàsì rẹ̀ wà bó ṣe wà, 0.938 GeV/c².

Ẹ sì ṣọ́ra fáwọn tó ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn lọ́dún 1919 fi hàn pé fótọ́ọ̀nù ní máàsì. Bẹ́ ẹ bá fi òfin Newton ṣírò rẹ̀, ìdajì péré lẹ máa rí, 0.87 arcsecond (arcsecond 3,600 ló wà nínú dígíríì kan), Einstein sọ pé 1.75, tirẹ̀ sì ni ohun tí wọ́n wọ̀n sún mọ́.

Ẹ ó tún gbọ́ pé ìmọ́lẹ̀ tí a sé mọ́ inú àpótí onídígí ń fi máàsì kún àpótí náà. Òótọ́ ni. Fótọ́ọ̀nù kan ń lọ sọ́tùn-ún, òmíràn ń lọ sósì, momentum wọn pa ara wọn rẹ́, agbára wọn kò parẹ́. Ẹ fi p = 0 sínú fọ́múlà kejì yẹn, ẹ máa rí ibi tí máàsì ti wá.