Ṣé Wàhálà Iṣẹ́ Lè Dénú Ẹ̀jẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin jẹ́ dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ sí i nílé ìwòsàn ńlá kan, kì í sì í sábà rí oorun sùn. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ fi díẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ wọn kò rí àrùn kankan. Ọ̀gá rẹ̀ ní wàhálà iṣẹ́ ló fà á. Ṣé ó lè rí bẹ́ẹ̀? (Ìyá Dókítà, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ọmọ, ìyá wa. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, àwọn nááfù, ìyẹn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ káàkiri ara, sì wọ ibẹ̀. Bí ìdààmú bá pẹ́ lára ènìyàn, nááfù wọ̀nyí a máa tú èròjà noradrenaline sínú mùdùnmúdùn náà, èyí tó ń dín èròjà mìíràn tó máa ń kó àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ ẹ̀jẹ̀ níjàánu kù. Bí ìjánu bá ti dẹ̀, sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn a máa pín lemọ́lemọ́, ẹ̀jẹ̀ funfun a sì pọ̀ sí i. Lára eku ni wọ́n ti tọpa ọ̀rọ̀ náà jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí kan náà, tó jáde lọ́dún 2014, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ní ẹ̀ka àwọn aláìsàn tó wà láàárín ikú òun ìyè, irú ẹni tí ọmọ yín jẹ́ gan-an, ẹ̀jẹ̀ funfun wọn sì pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ju ìgbà ìsinmi lọ. Kì í ṣe ohun à ń fojú fò, nítorí pé lára àwọn eku tí ọ̀rá ti dì sí òpó ẹ̀jẹ̀ wọn, wàhálà yìí mú kí ibẹ̀ túbọ̀ wú.

Nááfù kan tún wà tó lè pẹ̀tù sí ara wíwú. Vagus ni wọ́n ń pè é, ó sì gba ọrùn lọ sí ọkàn àti ikùn. Lọ́dún 2000, Kevin Tracey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi iná mànàmáná díẹ̀ ta á jí lára eku tí wọ́n fún ní májèlé bakitéríà, èròjà TNF tó máa ń mú ara wú sì lọ sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ọ̀nà tí iṣẹ́ tí nááfù náà ń jẹ́ ń gbà dé inú spleen, ìyẹn ẹ̀yà ara kan nínú ikùn tí ọ̀pọ̀ èròjà TNF náà ti ń wá. Síbẹ̀, lọ́dún 2025, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fàṣẹ sí ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ nááfù yìí ní ọrùn, fún àwọn àgbàlagbà tí oògùn kò ká làkúrègbé wọn.

Ní ti ọmọ yín, ẹ má jẹ́ kó tètè di ẹ̀bi ru wàhálà. Sìgá mímu, oyún àti oògùn sítẹ́rọ́ìdì náà lè mú ẹ̀jẹ̀ funfun pọ̀. Kó sinmi fún ọjọ́ mélòó kan, kó sì tún àyẹ̀wò náà ṣe. Bí iye náà kò bá sọ̀ kalẹ̀, kó lọ rí dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ dunjú.