Ẹ Bi Wá: Òkú Méjì Nínú Ìwé Kan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi kú lọ́dún 3 sẹ́yìn. Kò pé ọdún kan tí àkọ́bí wa náà fi lọ, ọmọ ọdún 23. Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá ti kọ ìlà mẹ́ta, ẹkún á gba bírò lọ́wọ́ mi. Níbo ni kí n ti mú un?
Ìyá kan, Ìkọ̀lé-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ẹ ra ìwé ọmọ iléèwé méjì, kì í ṣe ẹyọ kan.

Òkú méjèèjì kò rí bákan náà lójú àṣà wa. Wọ́n ṣe ẹ̀yẹ fún bàbá: ìwé ètò ìsìnkú wà, ìtàn ìgbésí ayé wọn wà nínú rẹ̀. Òkú ọ̀fọ̀ ni ti ọmọ. Wọ́n á sin ín kíá, níbi púpọ̀ wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ ojú oórì, wọ́n á sì ní kí ìyá gbé ẹnu dákẹ́ nítorí àwọn tó kù. Bí ẹ bá wá pa méjèèjì pọ̀ sójú ewé kan, ti bàbá ti ní ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Ẹkún nìkan ni ti ọmọ máa ní.

Ẹ fi ìwé bàbá bẹ̀rẹ̀ kí ọwọ́ lè mọ́ ọn. Ọjọ́ 4 léraléra, ìṣẹ́jú 15 sí 20 lójúmọ́. Ẹ fi fóònù ṣọ́ àkókò. James Pennebaker, onímọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ló dán ìlànà yìí wò pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ọdún 1980. Ẹ kọ ọ́ láì dánu dúró, láì wo àmì ohùn. Bí aago bá ti dún, ó parí, ọ̀rọ̀ ì báà kù. Ọkàn sábà máa ń wúwo sí i fún bíi wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ kọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ti fẹ́ sùn. Ẹ kọ ọ́ láàárọ̀, kí ẹ sì ní iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ máa bọ́ sí. Iṣu tí a ó bẹ kò kúkú wọ́n ní Èkìtì.

Ẹ sinmi ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó ṣí ìwé ọmọ. Ẹ má fi ọjọ́ ikú bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni bírò ti ń kú, torí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ilé ìwòsàn àti “ìbá ṣe pé” lọ. Ẹ mú ohun kan tó ṣeé fọwọ́ kàn lójúmọ́: bàtà rẹ̀, ta ló rà á, ibo ló ti ya, abọ́ tó fi ń jẹun. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Bó bá jẹ́ “ulé” àti “uṣu” ló ń pè, ẹ má kọ “ilé” àti “iṣu” nítorí àtijẹ́ kí ìwé mọ́. Ohùn ọmọ yẹn ń bẹ nínú “u”. Ẹ ṣọ́ “máa ń” náà: “Ó máa ń pè mí láti ẹnu géètì” ń mú un wọlé, “ó jẹ́ ọmọ dáadáa”, pósítà òkú ni. Nígbà tí ẹ bá dé ibi ikú, ẹ kọ “ó kú”. “Papòdà” wà fún ìkéde.

Bí “èmi ni mo fà á” bá jáde lọ́jọ́ méjì léraléra, lọ́jọ́ kẹta ẹ sọ ara yín di “ó”: “Ìyá náà gbé e lọ lóru.” Pennebaker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àwọn tí ara wọn yá jù ni àwọn tí “nítorí” àti “ó wá yé mi” ń pọ̀ sí i nínú ìwé wọn láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹni tó ń tún ohun kan náà kọ lọ́nà kan náà kì í rí irú èrè yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ìyàwó mi àti ìkókó lọ pọ̀ níbi ìbímọ. Mo ti ń kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ 6, ńṣe ló ń le sí i.
Ọkùnrin kan, Ìdó-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àtẹ̀mọ́ra, sà. Ẹ fi bírò sílẹ̀. Kíkọ kì í ṣe oògùn ọ̀fọ̀. Ìwádìí lórí ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú kò fi hàn pé gbogbo ènìyàn ló ń ràn lọ́wọ́. Ìlànà àjọ ìlera àgbáyé ní bí ìbànújẹ́ bá ṣì so èèyàn mọ́lẹ̀ lẹ́yìn oṣù 6, tí kò lè ṣiṣẹ́ tàbí bá èèyàn jókòó, ó ti di ọ̀ràn dókítà. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi í sí ọdún kan nínú ìwé wọn ti 2022. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ṣe yín bíi kí ẹ kú tẹ̀ lé ìyàwó àti ọmọ yín, ẹ má ka oṣù. Ẹ lọ lónìí, kí ẹnìkan sì sìn yín: ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ wà nílùú yín níbẹ̀, ti ìpínlẹ̀ sì wà ní Adó-Èkìtì. Ẹ bèèrè dókítà ọpọlọ.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé kí àwọn ọmọ tó kù ka ìwé ọ̀fọ̀ tí mo kọ?
Ìyá kan, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe èyí tí ẹ kọ́kọ́ fi ẹkún kọ yẹn, mà. Ẹ dà á kọ sínú òmíràn, kí ẹ yọ ìjà ẹbí ọkọ lórí ilé àti ilẹ̀ kúrò, kí àbúrò olóògbé kọ́kọ́ kà á kí ẹlòmíràn tó rí i. Bó bá ní ibì kan kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ jẹ́ kó kọ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ewé.