Ìrora tó ti ìdí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀: ṣé dandan ni iṣẹ́ abẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Igbá ni mo ń fín níbí l'Ọ́yọ̀ọ́. Oṣù kan rèé tí ìdí mi ọ̀tún ti ń ta mí bí iná mànàmáná, tó ń gba ẹ̀yìn itan dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, mo mu àgbo títí. Ẹnìkan wá ní àfi kí wọ́n là mí. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Jẹ̀díjẹ̀dí kì í ti ìdí rìn dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Iṣan ìmọ̀lára (nerve) tó nípọn jù lọ lára èèyàn ló ń ta yín. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló ti wá, ó gba ìdí lọ sẹ́sẹ̀. Ohun rírọ̀ kan wà láàárín eegun ẹ̀yìn bíi tìmùtìmù. Bó bá yọ síta, á tẹ gbòǹgbò iṣan náà, ẹsẹ̀ á sì máa ké. Èyí tó pọ̀ jù ń lọ láìfọwọ́ kan ọ̀bẹ, láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12.

Ìjókòó yín ló ń kọ mí lóminú. Mo mọ bí ẹ̀yin afíngbá ṣe ń ṣe é: àpótí kúkúrú, igbá láàárín ẹsẹ̀, ẹ̀yìn á tẹ̀ bíi dòjé láti àárọ̀ dalẹ́. Títẹ̀ yẹn ló ń ti tìmùtìmù náà lu iṣan. Ẹ wá àga tó ga dé orúnkún, kí igbá wà lórí tábìlì. Bó bá tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ dìde, ẹ rìn díẹ̀. Oníbàárà á dúró. Ẹ má sì dùbúlẹ̀ gbalaja fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ o, ẹ̀yìn á gan ni.

Láàárọ̀, ẹ dojúbolẹ̀ lórí ẹní, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ gbé àyà sókè díẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Bí ìrora bá ń kúrò lẹ́sẹ̀ padà sókè síbi ẹ̀yìn, àní bí ẹ̀yìn bá tilẹ̀ dun yín sí i, ó ń san nìyẹn. Bó bá túbọ̀ ń sọ̀kalẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Oògùn ìrora tí ẹ ń rà ní kẹ́míìsì, ẹ má pò ó mọ́ àgbo, pàápàá bí ẹ bá ní ọgbẹ́ inú tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ má tíì náwó sí X-ray. Eegun ló ń fi hàn, kì í fi iṣan hàn.

Àmọ́ bí abẹ́ bá kú tipiri, bí ìtọ̀ bá há tàbí tó ń dà láìmọ̀, tàbí tí ẹ kò lè gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè mọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gba ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn lọ. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ falẹ̀.

Bí kò bá dín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ẹ lọ rí oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì, ẹni tó ń fi eré ìmárale tọ́jú ara ríro. Kí ẹ gbé àpótí yẹn dání, kó rí bí ẹ ṣe ń jókòó lé e.