Ibo Ni Mo Ti Lè Rí Iye Owó Tó Ń Wọlé fún Ilé-iṣẹ́ Aládàáni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi lórí ilé-iṣẹ́ aládàáni kan. Mo rí iye owó tó ń wọlé fún un lọ́dún lórí ìkànnì mẹ́ta, ṣùgbọ́n iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ yàtọ̀ sí ti èkejì. Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú wọn, tàbí kí n ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí n sì fi mẹ́ta pín in?

Ìdáhùn: Ẹ má gba ọ̀kankan gbọ́, ẹ má sì rò wọ́n pọ̀, nítorí ìméfò mẹ́ta tí a rò pọ̀ kò lè di òótọ́ kan. Lemọ́lemọ́ ni irú ìbéèrè yìí ń dé ọ̀dọ̀ mi, èrò kan náà ló sì máa ń wà nídìí rẹ̀, pé iye náà ti wà níta níbì kan, ẹni tó bá sì mọ ìkànnì tó dára jù ni yóò rí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ló ń mú kí ilé-iṣẹ́ gbé ìṣirò owó rẹ̀ síta. Níbi tí òfin kò bá ti pa á láṣẹ, ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ pa ẹnu mọ́ lè pa á mọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó wá iye kankan, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ilé-iṣẹ́ náà ń ta ìpín ìdókòwò fún gbogbo ènìyàn, àti orílẹ̀-èdè tó ti forúkọ sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ta ìpín fún gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ fi ìjábọ̀ ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní 10-K ránṣẹ́ sí SEC, ìyẹn àjọ tó ń mójú tó ọjà ìpín ìdókòwò, ọ̀fẹ́ sì ni ẹ lè kà á lórí EDGAR, ìkànnì tí àjọ náà ń kó àwọn ìjábọ̀ náà sí. Láti ọdún 2002 tí òfin Sarbanes-Oxley ti jáde, ọ̀gá àgbà àti ọ̀gá ètò ìṣúná gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé pé ìṣirò náà jẹ́ òótọ́. Àwọn aládàáni níbẹ̀, ìyẹn àwọn tí kì í ta ìpín fún gbogbo ènìyàn, kì í sábà ní irú ojúṣe bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn aládàáni pàápàá ń fi ìṣirò owó ránṣẹ́ sí Companies House, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ti gba àwọn kéékèèké láàyè láti yọ ìwé èrè àti àdánù kúrò, nítorí náà iye tí ẹ ń wá gan-an lè má sí níbẹ̀.

Níbo wá ni àwọn ìkànnì yẹn ti rí tiwọn? Ìfojúdíwọ̀n ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọn a mú iye òṣìṣẹ́ tí wọ́n rò pé ilé-iṣẹ́ náà ní, wọn a sì fi iye tí òṣìṣẹ́ kan sábà ń mú wọlé nínú irú òwò bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Àwọn mìíràn kàn ń da ti ẹlòmíràn kọ ni. Ó ń bí mi nínú gidigidi pé wọ́n ń gbé e kalẹ̀ bí ẹni pé aṣàyẹ̀wò owó ti fọwọ́ sí i, tí àwọn kan sì tún ń gbowó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó lè kà á.

Ibi tí òtítọ́ ti lè jáde ni inú ìwé ẹjọ́, pàápàá nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá wọ gbèsè tàbí tí àwọn tó ni ín bá ń pe ara wọn lẹ́jọ́, tàbí inú ìjábọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá tó rà á. Ẹ rí i dájú pé ẹ ka ìwé ẹjọ́ náà fúnra yín. Ní ọdún 2023, nínú ẹjọ́ Mata v. Avianca ní New York, adájọ́ bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn agbẹjọ́rò tó tọ́ka sí àwọn ẹjọ́ tí kò wáyé rí, tí ChatGPT hùmọ̀ fún wọn.

Òfin ń yí padà, ohun tí mo kọ síhìn-ín kì í sì í ṣe ìmọ̀ràn agbẹjọ́rò. Ẹ bi olùtọ́jú ilé ìkàwé yín léèrè ohun tí òfin ibi tí ilé-iṣẹ́ náà wà sọ. Bí ẹ kò bá sì rí nǹkan kan, ẹ kọ ọ́ sínú iṣẹ́ yín gbangba pé ilé-iṣẹ́ náà kì í gbé ìṣirò owó rẹ̀ síta. Bí olùkọ́ yín bá sì taku pé dandan ni kí iye kan wà níbẹ̀, ẹ pè é ní ìfojúdíwọ̀n, kí ẹ dárúkọ ẹni tó díwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ kà á.