Ṣé Ọ̀tẹ̀ Ni Kí N Yẹ Ìwàásù Pásítọ̀ Mi Wò?

Arábìnrin mi ọ̀wọ́n,

Mo fara balẹ̀ ka lẹ́tà yín. Ẹ ní pásítọ̀ yín ka Jeremáyà 29:11 níbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá, pé èrò àlàáfíà ni Olúwa ń gbà sí wa, ó sì fi dá ìjọ lójú pé ohun tí kálukú ń retí yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kí ọdún tó parí. Ẹ gbààwẹ̀, ẹ gbàdúrà, iṣẹ́ tí ẹ ń retí kò dé, wọ́n sì ní ìgbàgbọ́ yín ni kò tó. Ní báyìí, ìwàásù kò wọ̀ yín létí mọ́, ọkọ yín ń sọ pé ẹ ń ṣọ̀tẹ̀ sí ìránṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ kúrò nínú ìjọ náà.

Kì í ṣe ọ̀tẹ̀. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù àti Sílà wàásù ní Bèríà, tayọ̀tayọ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ fi gba ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ wọ́n ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò lójoojúmọ́ láti mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 17:11 sì yìn wọ́n fún un.

Ẹ jẹ́ ká lọ sínú ẹsẹ náà gan-an, nítorí ibẹ̀ ni ọgbẹ́ yín ti wá. Lẹ́tà ni Jeremáyà orí 29. Wòlíì náà fi ránṣẹ́ láti Jerúsálẹ́mù sí àwọn tí Nebukadinésárì kó nígbèkùn lọ sí Bábílónì, ó ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n bímọ, kí wọ́n sì máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n bá ara wọn, nítorí ẹsẹ 10 sọ gbangba pé ìgbà tí 70 ọdún bá pé ni Olúwa yóò mú wọn padà. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó gbọ́ lẹ́tà náà ló ní láti kú sí ilẹ̀ àjèjì. Nínú orí 28, ẹnì kan wà tó ṣèlérí ohun tó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ: Hananáyà ní ọdún 2 péré ni, Jeremáyà sì sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé Olúwa kò rán an. Ó dùn mí, nítorí náà, pé ẹsẹ tí Ọlọ́run fi tu àwọn tó ní láti dúró pẹ́ nínú ni wọ́n fi dá ọjọ́ fún yín, tí wọ́n sì tún fi dá yín lẹ́bi. Ọlọ́run kò já yín kulẹ̀; kì í ṣe òun ló dá ọjọ́ náà. Inú rere rẹ̀ sí àwọn ènìyàn rẹ̀, tí ẹsẹ náà ń sọ, kò yí padà, ẹ má jù ú nù.

Iṣẹ́ olùkọ́ Bíbélì kò ju ohun tí Nehemáyà 8:8 sọ pé àwọn ọmọ Léfì ṣe: wọ́n ka ìwé òfin yékéyéké, wọ́n sì là á yé àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tí Pọ́ọ̀lù fún Tímótì nínú lẹ́tà rẹ̀ kejì, orí 4, kan àwa olùgbọ́ pẹ̀lú, nítorí àwa náà la máa ń kó olùkọ́ tó ń sọ ohun tí etí wa fẹ́ jọ fún ara wa. Kì í ṣe pásítọ̀ yín nìkan ló fẹ́ràn ìlérí tó ní ọjọ́.

Ní ti ọkọ yín, ọ̀wọ̀ tó ní fún olórí ìjọ kì í ṣe ohun burúkú. Hébérù 13:17 pa á láṣẹ. Ẹ má bá a jiyàn lórí pásítọ̀. Ẹ jọ ka Jeremáyà orí 28 àti 29 ní ìjókòó kan, kí ẹ sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ ohun tó rí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin méjèèjì lọ bá pásítọ̀ yín ní ìkọ̀kọ̀, bí tọkọtaya Pìrìsílà àti Ákúílà ti mú oníwàásù Àpólò sọ́dọ̀ tí wọ́n ṣàlàyé ọ̀nà Ọlọ́run fún un dáadáa. Ẹ bi í nípa orí náà, kì í ṣe nípa àṣìṣe rẹ̀.

Ẹ má tíì kúrò. Ẹsẹ kan tí a ṣì lò kò tó fi ìjọ sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Àmọ́ bó bá ń bínú sí ẹnikẹ́ni tó bá ṣí Bíbélì béèrè ọ̀rọ̀, tí ìlérí tí kò ṣẹ sì ń di ẹ̀bi olùgbọ́ nígbà gbogbo, kí ẹ̀yin àti ọkọ yín fohùn ṣọ̀kan láti wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni láti orí dé orí, kí ẹ sì lọ dágbére fún un fúnra yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀.