Ọ̀rinrin tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri: báwo la ṣe ń wọ̀n ọ́n?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì lórí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé ọ̀rinrin wá láti òkun. Mo ti ní ìpíndọ́gba ọ̀rinrin oṣù kan, mo sì ní ti afẹ́fẹ́. Ṣé kí n kàn sọ méjèèjì di púpọ̀ ni? Kí ló sì dé tí àwọn kan ń torí èyí gbé ẹ̀rọ lésà sínú bàálù?

Ìdáhùn: Rárá o, má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ronú nípa ọyẹ́. Ó ń sáré, àmọ́ ọwọ́ òfo ló fi ń sáré: ètè ń bẹ́, aṣọ tí a sá láàárọ̀ ti gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n. Wá wo ọ̀sán tí òjò ń ṣú: ewé kan ò mì, òógùn ń dà, ọ̀rinrin kún dẹ́múdẹ́mú, kò sì lọ síbì kankan. Níbì kan ọkọ̀ wà, kò sí ẹrù. Níbòmíràn ẹrù wà, kò sí ọkọ̀.

Ká ní ní wákàtí àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ ń rin mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gírámù 20 ọ̀rinrin sì wà nínú mítà kúbíìkì kan. Gírámù 40 ló ń gba ojú fèrèsé tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ní wákàtí kejì, mítà 10 àti gírámù 8: 80 nìyẹn. Ìpíndọ́gba méjèèjì jẹ́ 60. Ọ̀nà tìrẹ, ìpíndọ́gba afẹ́fẹ́ lọ́nà ìpíndọ́gba ọ̀rinrin, yóò fún ọ ní 6 lọ́nà 14, ìyẹn 84. Ìwọ rí i bó ṣe jìnnà tó!

Ìdí tí lésà fi wọ̀ ọ́ nìyẹn. Lọ́dún 2002, nínú ìwádìí IHOP_2002 ní pápá gbalasa Amẹ́ríkà, lésà méjì ló wà nínú bàálù Falcon tí DLR, àjọ ìwádìí òfuurufú ilẹ̀ Jámánì, ń lò. Èyí tó wà fún ọ̀rinrin ń tan ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ọ̀rinrin ń gbé ọ̀kan mì, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan èkejì. Eruku inú afẹ́fẹ́ ń dá wọn padà, bí ti àkọ́kọ́ bá sì ṣe dín sí la fi ń mọ bí ọ̀rinrin ṣe pọ̀ tó. Àsìkò tó fi padà ló ń sọ ibi tó ti ń bọ̀: láti lọ mítà 150 kó sì padà, ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ti tó. Lésà kejì, ti NOAA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí òkun àti ojú ọjọ́, wà fún afẹ́fẹ́. O mọ bí ohùn hóònù ọkọ̀ ṣe ń wálẹ̀ bó bá ti kọjá ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó kọlu eruku tó ń rìn ṣe ń yí díẹ̀, ìyẹn la sì fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sáré tó. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé ẹrù àti ọkọ̀ ni wọ́n jọ ń wọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà.

Lọ́dún 2006, nínú ìwádìí AMMA, àwọn Faransé fi bàálù gbé lésà ọ̀rinrin LEANDRE 2 gbéra láti Niamey, lórí afẹ́fẹ́ òjò tiwa gan-an.

Àmọ́ lésà kì í la ìkùukùu tó nípọn kọjá. Àlàfo tó wà láàárín ìkùukùu ló ń gbà ríran, nítorí náà ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ díẹ̀ máa ń pọ̀ jù nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Fi èyí sọ́kàn bí o bá ń kà á.

Ní ti iṣẹ́ rẹ, lọ gba ERA5, àkójọ àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ gbogbo ayé, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ó ní ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ya afẹ́fẹ́ sí méjì, ti gúúsù sí àríwá àti ti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn, sọ ti wákàtí kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ọ̀rinrin rẹ̀, kí o tó wá ìpíndọ́gba oṣù.