Àmì wo ni kí n gbà gbọ́ nínú áàpù ọ̀já ọrùn ajá mi?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá onítírákà. Ìbàdàn ni mo ń gbé. Ọmọ mi ra ọ̀já ọrùn oní-GPS fún ajá wa, Tanímọ̀la, torí pé bí géètì bá ṣí díẹ̀ báyìí, ó ti yọ́ jáde. Síìmù wà nínú ẹ̀rọ náà, áàpù rẹ̀ sì wà lórí fóònù mi. Ṣùgbọ́n áàpù yìí ń rú mi lójú. Ajá á sùn sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi ní pálọ̀, áàpù á ní ó wà ní ojú títì lọ́hùn-ún. Nígbà míì, àwòrán rẹ̀ á di aláwọ̀ eérú, wọ́n á kọ "Offline" sí i, síbẹ̀ bátìrì á ní òun ṣì ku 60. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá jáde lóòótọ́. Áàpù ní ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí ló wà. Mo sáré débẹ̀ tòun ti sìlípáàsì lẹ́sẹ̀, n ò bá a. Ọmọ aládùúgbò kan ló mú un wá fún mi nírọ̀lẹ́. Nínú gbogbo àmì wọ̀nyí, èwo ni kí n gbà gbọ́?

ÌDÁHÙN

Màmá, ẹ kú ewu, ẹ sì kú oríire pé Tanímọ̀la padà wálé. Tírákà ọkọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, kí àwọn alájá tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi wá, ẹkún tí ẹ sì sun yìí kì í ṣe àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́. Ẹ má tíì ju ẹ̀rọ yín sí kọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi mọ́ṣáláṣí yẹn bẹ̀rẹ̀. Ó ṣeé ṣe dáadáa kí ajá yín ti débẹ̀. Ibi tí ajá wà nígbà tí ẹ̀rọ ọrùn rẹ̀ ránṣẹ́ kẹ́yìn ni àwòrán orí máàpù ń fi hàn yín. Kò sọ fún yín pé ibẹ̀ ló ṣì wà. Ní abẹ́ orúkọ ajá, ẹ ó rí aago kan tí wọ́n kọ wínníwínní. Ibẹ̀ ni kí ojú yín máa kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó wo máàpù rárá. Ajá tó bá ń sá eré kìlómítà 12 ní wákàtí kan á ti jìnnà ní kìlómítà 2 láàárín ìṣẹ́jú 10. Bí ẹ̀rọ yín bá wá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣètò pé kó máa ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹ lè dé mọ́ṣáláṣí kí ajá ti wà ní ọjà.

Ẹ tún yẹ aago yẹn wò dáadáa. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó ń ti Ṣáínà wọlé ló ń gbé aago Ṣáínà wá, wákàtí 7 sì ni tiwọn fi ṣíwájú tiwa. Bí ẹ bá ń rí aago mẹ́sàn-án alẹ́ nígbà tó jẹ́ pé aago méjì ọ̀sán la wà, ohun tó fà á nìyẹn. Ẹ wọ inú ètò áàpù, kí ẹ yí i sí GMT+1. Bí ẹ ò bá tíì ṣe èyí, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí ẹ̀rọ jẹ́ ṣì tutù tàbí ó ti kan.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ajá tó sùn sẹ́sẹ̀ yín tí áàpù gbé lọ sí títì. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìròyìn ń gbà kó tó dé ojú fóònù yín: láti ojú ọ̀run wá sí ọrùn ajá, láti ọrùn ajá lọ sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àti láti kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù wá sórí fóònù yín. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àmì kọ̀ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Àpapọ̀ tí a ń pa wọ́n ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ àwòrán ajá, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ GPS, tàbí LBS, tàbí Wi-Fi. Bó bá jẹ́ GPS, sátẹ́láìtì ló sọ ibi tí ajá wà. Nǹkan bíi kìlómítà 20,200 ni àwọn sátẹ́láìtì yẹn fi ga sókè, ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ gbúròó mẹ́rin nínú wọn, ó kéré tán, kó tó lè ṣírò ibi tó wà dáadáa. Ìró wọn ti rẹ̀ gan-an kó tó dé ilẹ̀. Páànù ń dí i, dẹ́kì ń dí i, ara ajá fúnra rẹ̀ ń dí i. Níta gbangba, á bọ́ sí ìwọ̀n mítà díẹ̀ sí ibi tí ajá wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gíga, ìró yẹn lè gbá ògiri kó tó dé ọrùn ajá, áàpù á wá gbé ajá fo fẹ́ǹsì lọ sílé aládùúgbò.

Bó bá jẹ́ LBS, ẹ̀rọ ò rí ojú ọ̀run rárá. Ohun tó ṣe ni pé ó wo òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà nítòsí, wọ́n sì fi ìyẹn méfò ibi tó wà. Láàárín ìlú, ó lè fi ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan tàsé. Ní ìgbèríko tí òpó ti jìnnà síra, ó lè ju kìlómítà kan lọ. Wi-Fi wà láàárín méjèèjì: ẹ̀rọ á ka orúkọ àwọn Wi-Fi tó wà láyìíká, wọ́n á fi wé àkọsílẹ̀ ibi tí wọ́n mọ̀ wọ́n sí. Torí náà, Tanímọ̀la tó wà ní pálọ̀ lábẹ́ dẹ́kì ò kúrò níbì kan, LBS ló gbé e lọ sí títì. Ó máa ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ áàpù ló ń fi àwòrán kan náà ya GPS àti LBS, bẹ́ẹ̀ èèyàn lè tìtorí ẹ̀ wá ajá rẹ̀ sí àdúgbò tí kò dé rí. Bí tiyín bá ń fi òbìrípo kan yí àwòrán ajá ká, ẹ máa wò ó: bó bá ṣe fẹ̀ tó ni iyèméjì ẹ̀rọ ṣe pọ̀ tó.

Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan pè mí pé ẹ̀rọ ajá òun ti bàjẹ́. Nígbà tí mo débẹ̀, ajá ńlá náà na gbalaja sábẹ́ típà tí wọ́n gbé sínú àgbàlá. Áàpù kọ LBS, ó sì gbé ajá sí òdìkejì odò. Mo fi egungun tàn án jáde, ó jókòó sójú oòrùn, ó ń họ egungun rẹ̀, àwa méjèèjì dorí kodò sórí fóònù. Ìṣẹ́jú kan kọjá, nǹkan kan ò yí padà. Nígbà tí ìṣẹ́jú kejì ń lọ sópin, LBS di GPS lójú wa, àwòrán náà sì fò kúrò lókè odò wá bọ́ sínú àgbàlá, ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré sí ibi tí ajá jókòó. Ìdádúró yẹn ní ìdí. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 ni sátẹ́láìtì kan fi ń ka ìròyìn ọ̀nà tó ń tọ̀ tán. Bí ẹ̀rọ tó ti pẹ́ nínú òkùnkùn bá pàdánù díẹ̀ nínú rẹ̀, àfi kó dúró gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Offline" kò kan sátẹ́láìtì rárá. Ọ̀nà kejì ló gé, ìyẹn láti ọrùn ajá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bátìrì lè ti kú, dátà lè ti tán, wọ́n lè ti ti síìmù pa nítorí ọ̀rọ̀ NIN, ajá sì lè wà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé. Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ rèé: ẹ fi fóònù yín pe nọ́ńbà síìmù tó wà lọ́rùn ajá. Bó bá ń dún, ẹ̀rọ wà láàyè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì wà, dátà ló kù tí ẹ máa wò. Ẹ yọ síìmù náà, ẹ fi sínú fóònù, kí ẹ tẹ *323#. Bí wọ́n bá ní ó ti wà ní pípa, bátìrì tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Bó bá jẹ́ pé fóònù yín gan-an ni kò ní dátà, ọ̀nà kẹta ló gé, ajá ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Bátìrì 60 tí ẹ rí yẹn, ti ìgbà tí ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni. Bó bá ti wà ní Offline láti àárọ̀, 60 àárọ̀ lẹ ń wò. Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá sì ti dáa, ńṣe ni ẹ̀rọ á máa wá òpó kiri ṣáá, bátìrì á sì máa tètè lọ.

Bí ajá bá tún jáde, ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ dín àkókò tí ẹ̀rọ fi ń ránṣẹ́ kù sí èyí tó kúrú jù, kí bátìrì tó lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo aago, ẹ wo bóyá GPS ni àbí LBS. Bó bá jẹ́ GPS ti ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn, ẹ tọ̀ ọ́ lọ. Bó bá jẹ́ LBS, ẹ dúró de GPS, kí ẹnìkan sì máa bi àwọn ọmọdé àdúgbò.

Ààlà tí ẹ fi yí ilé ká nínú áàpù, èyí tó ń mú kí fóònù yín dún bí ajá bá ré e kọjá, ẹ má fi há jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 200 mítà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ LBS á máa jí yín lóru lórí ajá tó ń hanrun.

Ọ̀la, kí oòrùn tó mú, ẹ mú Tanímọ̀la lọ sí gbangba. Ẹ yí ọ̀já náà kí àpótí ẹ̀rọ wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, torí bó bá yí wálẹ̀ sọ́fun, ara ajá á bo ojú ọ̀run mọ́ ọn lójú. Ẹ so ó le tó tí ìka méjì nìkan á fi lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wo bí GPS ṣe jìnnà sí yín tó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi máákà tí kì í parẹ́ kọ nọ́ńbà fóònù yín sára ọ̀já náà. Ọmọ tó mú un wá fún yín lọ́sẹ̀ tó kọjá mọ̀ yín. Ẹlòmíì tó máa rí i lè má mọ̀ yín, áàpù yín ò sì sí lórí fóònù tiẹ̀.